Nọ́ńbà ni mo ń rà, mi ò ra àwòrán

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi, ó sì gba owó tí mi ò fẹ́ jókòó kà. Mo ń kọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan lálẹ́ òní tó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, tí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀dà méjìlá péré ló kù nínú àwòrán títẹ̀ kan, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ìka rẹ̀ sì ti wà lórí ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí.

Ilé ọ̀rẹ́ mi kan ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán obìnrin kan tó kẹ̀yìn síni wà lára ògiri rẹ̀, àwọ̀ mẹ́ta péré, kò sí ojú, kò sí ẹnu, síbẹ̀ ó dà bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n dúró wo obìnrin náà. Ìsàlẹ̀ ìwé ni ojú mi lọ. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ 34/75 síbẹ̀, orúkọ ayàwòrán wà lápá ọ̀tún. Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀dà 75 ni ayàwòrán náà tẹ̀, pé wọ́n kọ 34 sára tòun, wọn kò sì ní tẹ òmíràn mọ́ láé. Ọ̀rọ̀ "láé" yẹn wọ̀ mí lára. Mo délé, mi ò rí oorun sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwòrán títẹ̀ tí mò ń wí yìí kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n yà lára àwòrán ọlọ́dàá. Ayàwòrán lè fín igi tàbí líno, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá, kó pa íǹkì sí ibi tó yọ sókè, kó tẹ ìwé lé e. Ó lè fi ìda bo àwo bàbà, kó fi abẹ́rẹ́ ha ìda náà, kí ásíìdì jẹ bàbà níbi tó ha, kí íǹkì wọnú ojú ìlà tí ásíìdì jẹ. Ó lè fi ohun ọlọ́ràá yàwòrán sórí òkúta, nítorí omi àti ọ̀rá kì í dàpọ̀. Alois Senefelder ló ṣàwárí ọ̀nà yìí ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1796. Ó sì lè ti íǹkì gba ojú aṣọ híhun tí wọ́n nà sára férémù, èyí tí àwọn tó ń tẹ nǹkan sára aṣọ ń pè ní síkírínì. Ọwọ́ èèyàn wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó pamọ́ síbì kan tí àwọn yòókù jẹ́ òjìji rẹ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fi nọ́ńbà tà lónìí sì jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ oní-íǹkì tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní giclée. Mi ò bú u. Àwọn ayàwòrán wà tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà gan-an ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àwòrán ọlọ́dàá kan wà níbì kan, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n wá tẹ fọ́tò náà ní ìgbà 200, ó yẹ kí ẹni tó ń rà á mọ̀ pé àdàkọ lòun ń rà, kó sì san owó àdàkọ.

Ká ní mo mọ èyí ni, ìbéèrè tí ì bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé báwo ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, àti pé ta ló tẹ̀ ẹ́. "Mélòó ló kù?" ni mo máa ń béèrè.

Láàárín oṣù mẹ́jọ mo ti ra mẹ́rìnlá. Mo máa ń jí lóru nítorí pé agogo mélòó kan ni wọ́n fẹ́ ṣí títà. Àwọn kan tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí mo bá sì pàdánù wọn, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ lọ́nà. Àwọn tí mo rí rà, mi ò tilẹ̀ tú òmíràn wò. Inú ọ̀pá páálí tí wọ́n fi kó wọn wá ni mo fi wọ́n sí, mo tò wọ́n sí igun yàrá. Bẹ́ẹ̀ ìwé tó bá pẹ́ nínú ọ̀pá máa ń kákò, bí ẹ bá wá fi tipátipá nà án, íǹkì tó nípọn lè là. Méjì nínú tèmi là.

Ọ̀kan wà tí wọ́n ní wákàtí 24 péré làwọn máa fi tà á. Mo gbọ́ 24, mo rò pé nǹkan tó ṣọ̀wọ́n ni. Wákàtí ni wọ́n dín kù, wọn ò dín ẹ̀dà kù: gbogbo ẹni tó bá ti sanwó láàárín wákàtí wọ̀nyẹn ló máa rí tirẹ̀ gbà. Nígbà tí tèmi dé, ohun tí mo rí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni 1312/2046. Mo jókòó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún mi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kọ síbẹ̀ kí n tó sanwó. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí n kà á.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà tó máa ń wà níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. A.P. ni ẹ̀dà tí ayàwòrán fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀, àwọn tó ń fi èdè Faransé kọ ọ́ máa ń kọ E.A.; àṣà ni pé kó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. P.P. jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. H.C. ni èyí tí wọn kò ṣe fún ọjà. B.A.T. ni èyí tí ayàwòrán fọwọ́ sí pé bí èyí ṣe rí yìí ni kí gbogbo ìyókù rí. Nítorí náà 50 lè di 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Nígbà mìíràn, ayàwòrán tún lè gbé àwòrán kan náà jáde ní ìwọ̀n mìíràn tàbí àwọ̀ mìíràn, kí ìyẹn náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ béèrè pé mélòó ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún yín.

Mo tún fowó kún owó nígbà kan kí wọ́n lè fún mi ní 2/50. Mo rò pé ẹni tó bá sún mọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló rí ojú rere. Bàbá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀ ló là mí lójú. Mo kí wọn, mo béèrè, wọ́n sì mú mi lọ síbi tí wọ́n sá ìwé sí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wò ó. Bí gbogbo èyí bá gbẹ, a óò kó o jọ gègèrè, ayàwòrán á wá jókòó, á máa mú un láti òkè, á máa kọ nọ́ńbà sí i. Èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ pátápátá." Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n ti ṣọ́ra: bí ayàwòrán bá fi abẹ́rẹ́ ha bàbà ní tààràtà láìlo ásíìdì, bàbà máa ń wú sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìlà náà, ibi tó wú yẹn ló ń mú kí ìlà náà rọ̀ bí irun àgùntàn. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́ ló ń pẹlẹbẹ sí i, ìlà á sì máa gbẹ. Níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ dára jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú yín ni yóò sọ ọ́ fún yín, kì í ṣe nọ́ńbà.

Mo wá dé ibi tó dùn mí jù.

Ọkùnrin kan tí mo bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òun ní iṣẹ́ kan láti ọwọ́ Salvador Dalí, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó lókìkí: orí òkúta ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ọdún 1974, 118/300, Dalí fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, sàtífíkéètì wà. Mo san owó oṣù mẹ́ta, mo sì yáwó lé e. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá tà á lọ́dún tó ń bọ̀, wọn ò ní mọ̀ pé owó náà jáde rí.

Lẹ́yìn tí mo sanwó tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo kà á pé Dalí máa ń fọwọ́ sí ìwé òfìfo, pé ní ọdún 1974 kan náà, àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Faransé dá ọkọ̀ kan dúró tó ń lọ sí Andorra, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà láàárín Faransé àti Sípéènì, tí wọ́n sì bá 40,000 ìwé nínú rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lára wọn ju ìfọwọ́sí Dalí lọ. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí ìfọwọ́sí jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́, kó sì jẹ́ pé kò fojú kan àwòrán tí wọ́n wá tẹ̀ sókè rẹ̀. Ara mi tutù.

Mo yá awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ láti orí òkúta, bí ẹ bá wò ó lábẹ́ awò, ẹ ó rí i pé íǹkì rẹ̀ fọ́n káàkiri bí ìgbà tí chalk bá gba orí ògiri gbágungbàgun. Ohun tí mo rí ni àmì róbótó tíntìntín, búlúù, pupa, ìyeyè, dúdú, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bíi ti fọ́tò inú ìwé ìròyìn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán ló tẹ̀ ẹ́. Mo wá gbé ìwé náà sójú ìmọ́lẹ̀ láti wo àmì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ìwé fi sínú rẹ̀. ARCHES ló wà níbẹ̀, ìwé tó dára gan-an, àmì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi 8 tó dùbúlẹ̀. Ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àmì yẹn kún un. Ìwé tí wọn kò tíì ṣe ni wọ́n sọ fún mi pé wọ́n tẹ àwòrán sí.

Ìyàwó mi bá mi níbi tí mo jókòó sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n mú sàtífíkéètì náà, wọ́n kà á, wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ẹni tó tà á fún yín náà ló fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni." Mo ti ka ìwé yẹn tó ìgbà ogún, mi ò rí i. Ọkùnrin náà dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kò dáhùn mọ́. Owó náà lọ.

Ìwé ẹ̀rí tó ní láárí ni èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ ayàwòrán, tàbí ilé tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tàbí ọ́fíìsì tí ayàwòrán fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ fún un, bí Banksy, ayàwòrán ara ògiri ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní Pest Control. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀ tó lórúkọ sì máa ń lu òǹtẹ̀ tí kò ní íǹkì sí igun ìwé, tí ọwọ́ lè mọ̀ bó ṣe yọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní Tamarind, ibi ìtẹ̀ àwòrán orí òkúta tí ayàwòrán June Wayne dá sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1960, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di àṣà. Bí ayàwòrán bá jẹ́ ẹni ńlá, ó ṣeé ṣe kí ìwé kan wà tí wọ́n ti to gbogbo iṣẹ́ títẹ̀ rẹ̀ sí, pẹ̀lú ìwọ̀n, irú ìwé àti iye ẹ̀dà. Ẹ wá a kàn, kí ẹ fi rúlà wọn èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ má sì ra ohun tí wọ́n ti lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa mọ́ inú férémù. Ẹ ní kí wọ́n tú u. Andy Warhol, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ àwòrán òṣèré sinimá Marilyn Monroe mẹ́wàá ní 1967, ẹ̀dà 250 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 1970 ni àwọn tó ń jẹ́ Sunday B. Morning ti ń tẹ irú àwòrán náà, òǹtẹ̀ wọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ fún olówó rẹ̀ pé kó fi ìfọwọ́sí tirẹ̀ síbẹ̀. Wọn ò fi nǹkan pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tanni jẹ kò nílò ju pẹ́ńsù, férémù àti àtè lọ.

Àdánù tó tẹ̀ lé e kò ní owó púpọ̀ nínú, òun sì ni mo ṣì ń rántí lóru. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Dalí, mo lọ sí ibi iṣẹ́ ayàwòrán kan tí kò tíì lókìkí. Mo dúró, mo ń wò ó. Ó pa íǹkì sójú àwo bàbà, ó fi aṣọ nù ún títí ojú bàbà fi ń dán, ó yọ ìwé tó ti rẹ sínú omi, ó tẹ́ ẹ lé e, ó yí ẹ̀rọ. Nígbà tó ká ìwé náà sókè, ìyá arúgbó kan ni mo rí, tó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Etí àwo ti tẹ ìlà kan sínú ìwé yí i ká. Ó wá mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fi àwọ̀ olómi kun òwú náà ní pupa. Kò sí àwọ̀ mìíràn lára rẹ̀. Mo rà á kí n tó ronú kan nọ́ńbà. 7/20 ni.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníférémù, mo ní kó ṣe é kó le, kó má baà tú láé. Ó fi àtè àti iná lẹ̀ ẹ́ pa mọ́ páálí. Etí ìwé tó rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ kò bá férémù mu, ó gé e kúrò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi páálí funfun yí i ká. Mo gbé e kọ́ ní ọ̀kánkán fèrèsé, kí àlejò lè rí i. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo gbé férémù náà kúrò láti kun ògiri, tí ìmọ́lẹ̀ kọjá lójú rẹ̀. Òwú náà ti ṣá. Ìlà kan tó pọ́n bíi tíì ti yí ìyá náà ká, níbi tí etí páálí ti kan ìwé.

Mo gbé e tọ màmá kan lọ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títún ìwé àtijọ́ ṣe. Wọ́n wò ó pẹ́. "Kí lo ní kí oníférémù ṣe fún ọ?"

"Mo ní kó le, Mà."

"Ohun tí o sọ fún un ló ṣe, ọmọ mi." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹ̀bi.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ mọ̀. Páálí tí wọ́n fi igi lásán ṣe ní ásíìdì nínú, ásíìdì náà ló ń jó ìwé díẹ̀díẹ̀. Páálí olówùú ni kí a máa béèrè, lẹ́yìn àti níwájú. A kì í lẹ àwòrán pa mọ́ nǹkan kan. Ìwé Jàpáàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni a fi ń gbé e rọ̀ láti òkè, pẹ̀lú àtè tí wọ́n fi sítáàṣì àlìkámà sè, tí omi díẹ̀ lè tú lọ́jọ́ iwájú. Sẹ́lótéèpù kò gbọ́dọ̀ dé tòsí rẹ̀. Gíláàsì kò gbọ́dọ̀ kan ojú ìwé, nítorí ooru máa ń mú omi wá sára gíláàsì, ìwé náà á sì bu. Wọ́n ní gíláàsì tó ń dí ìtànṣán oòrùn dára, ṣùgbọ́n kí n má fọkàn tán an, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí náà ń jẹ àwọ̀. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀; 50 péré ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń jẹ́ kó bọ́ sára irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn a sì tún gbé e sínú òkùnkùn kó sinmi. Mo béèrè bóyá òwú náà lè padà pọ́n. Wọ́n mi orí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ṣí i kúrò lára páálí. Ìlà tó yí i ká rọlẹ̀ díẹ̀, kò lọ.

Gbèsè ṣì wà nílẹ̀, mo kó àwọn yòókù lọ sí ilé gbàǹjo. Mo ti fi iye tí àwọn èèyàn ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣírò èrè mi. Iye tí wọ́n ń béèrè ni, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni san. Ọmọbìnrin tó gbà mí lálejò kò kọ́kọ́ wo nọ́ńbà. Ó yí ìwé sẹ́yìn, ó wo etí rẹ̀, ó fi ìmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀gbẹ́, ó béèrè rìsíìtì. Mo ti ju ọ̀pọ̀ rìsíìtì nù. Mẹ́ta ló gbà nínú mẹ́rìnlá. Wọ́n yọ owó iṣẹ́ wọn, wọ́n yọ owó fọ́tò àti adójútòfò, ẹni tó rà á náà sì ní owó tirẹ̀ tó ń san lé iye tí òòlù bá dún lé, tó sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ti yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn kó tó dá iye. Ohun tó kàn mí kò tó ìdajì owó tí mo fi rà wọ́n.

Nísinsìnyí, mi ò lè rà ju ẹyọ kan lọ lọ́dún. Àpò ìwé kan wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, rìsíìtì, lẹ́tà àti ohun tí ẹni tó tà á bá mi sọ wà nínú rẹ̀. Mo máa ń fọ ọwọ́ mi kó gbẹ kí n tó gbé e, ọwọ́ méjèèjì, láti igun méjì tó kọjú síra. Bí wọ́n bá ní kí n yára, mo máa ń fi í sílẹ̀, ó sì máa ń dùn mí nígbà mìíràn.

Ó gbà mí ní oṣù mélòó kan kí n tó lè lọ jẹ́wọ́ fún ayàwòrán náà. Mo rò pé ó lè bá mi tẹ òmíràn, mo sì ti mú owó dání. Ó lọ mú àwo bàbà náà wá láti inú àpótí. Ó ti fi abẹ́rẹ́ ha ìlà méjì tó já ara wọn kọjá lórí rẹ̀ láti igun dé igun, ìyá náà wà lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn ogún ló pa á, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi tẹ nǹkan mọ́. Láé tí ọ̀rẹ́ mi sọ lọ́jọ́sí nìyẹn, mo fọwọ́ kàn án. Ó gba ẹ̀dà mi lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó béèrè bóyá kí òun tún òwú náà kùn. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Mo ṣì ń rò ó. Inú dúrọ́ọ̀ pẹlẹbẹ ló wà, láàárín páálí olówùú méjì. Lálẹ́ àná mo gbé e jáde, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìyàwó mi wá dúró lẹ́yìn mi.

"Òwú tí ẹ máa ń sọ yẹn dà?"

Mo fi ìka hàn wọ́n, láìjẹ́ kó kan ìwé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé àwọn ti rí i.